Páàdì Tí Wọn Kò So Mọ́ Ẹ̀rọ: Ọ̀rọ̀ lórí Géèmù àti Àwọn Ọmọ Wa Tó Jẹ́ Aláàbọ̀ Ara

Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ohun tí a sábà máa ń fi òwe yìí sọ ni pé ọmọdé nílò àgbà, àgbà náà sì nílò ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí a tún un wò lọ́nà mìíràn lónìí. Òwe náà kò bú ọwọ́ ọmọdé pé ó kúrú, bẹ́ẹ̀ ni kò bú ọwọ́ àgbà pé ó tóbi jù. Bí pẹpẹ ṣe ga tó àti bí ẹnu akèrègbè ṣe há tó ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ pẹpẹ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ, àmọ́ pẹpẹ tí mò ń wí kì í ṣe ti ilé ìdáná. Géèmù orí tẹlifíṣàn ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń jókòó tì láti àárọ̀ Sátidé títí di alẹ́.

Ní ìgbà kan, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ nílé ẹbí kan lẹ́bàá Creekmouth, níhìn-ín ní Barking. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni odò Roding ti ń ṣàn wọ odò Thames, níbi tí ilé ìṣẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ sí. Nígbà tí a jẹ ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín tán, àwọn ọmọdé sá wọ yàrá kejì, wọ́n tan ẹ̀rọ géèmù. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìn. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní cerebral palsy ló ń bá a jà láti kékeré. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ó sì gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn iṣan ọwọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ iṣẹ́ tó bá rán wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan gbé páàdì àtijọ́ kan tó ní wáyà lé e nítan, ó ní, "Oyá, ìwọ náà máa gbá a." Ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwa àgbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ń sọ fún ara wa pé, "Ẹ wò ó, ó ń bá wọn ṣe é!" Inú wa dùn. Èmi ni ojú mi tẹ̀lé wáyà páàdì náà, mo sì rí i pé ẹ̀yìn àga ló parí sí. Wọn kò so ó mọ́ nǹkan kan.

Mo rò pé ọmọ náà kò mọ̀. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dágbére fún un. Ó fi sùúrù sọ̀rọ̀, bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ó ní, "Ánkù, mo mọ̀ pé wọn ò so ó. Mo kàn ń ṣe bí ẹni tó ń gbá a ni, kí wọ́n má bàa gbé mi padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ló sọ mí di ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀ géèmù, èmi tí mo ti máa ń pè é ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. Mo ti wo àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti jókòó ti àwọn ọmọdé nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn géèmù tí mo fẹ́ dárúkọ. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ròyìn, èyí tó dára àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ àríwísí, ó yẹ kí a mọ òṣùwọ̀n tí a ó fi wọ̀n wọ́n. N kò ní lọ jìnnà láti wá òṣùwọ̀n yìí. Inú ọ̀pọ́n ayò ni mo ti rí i. Gbogbo wa la mọ ayò: ihò 12, mẹ́fà lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ní agboolé wa nílé, bàbá àgbà kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè gbé ife omi mu láìdà á nù. Síbẹ̀, ọ̀ta ni nínú ayò. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ a jókòó tì í, bàbá a ní, "Kó ìkẹta," ọmọ a kó o, a sì máa gbìn ín lọ. Bí ó bá pa ayò, bàbá ló pa á. Bí wọ́n bá pa tirẹ̀, òun náà ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni ní agboolé náà wí pé bàbá kò ta ayò. Ọwọ́ ọmọ-ọmọ ló ń gbé e, orí bàbá ló ń ta á.

Láti inú èyí ni mo ti rí ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: ṣé wọ́n so páàdì náà, èyí ni pé, ṣé ohun tí ọmọ náà ṣe ń dé inú eré? Èkejì: ta ló ń pinnu, ọmọ náà ni tàbí ẹ̀rọ? Ẹ̀kẹta: ṣé ọmọ náà lè pàdánù? Ẹni tí a kò lè pa láyò kì í ṣe ọ̀tayò. Àlejò tí a fi ọ̀pọ́n ṣàpọ́nlé ni.

Ẹ̀yin kan lè béèrè pé kí ló kan ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù bí ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn kò bá ṣiṣẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Creekmouth fúnra rẹ̀. Láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni abúlé kékeré kan ti wà níbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Lawes. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù January ọdún 1953, omi òkun ru sókè, ó gba odò Thames wọlé, ó sì ya wọ ilé àwọn ará Creekmouth. Abúlé náà kò padà bọ̀ sípò mọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kó lọ síbòmíràn, wọ́n sì wó àwọn ilé náà lẹ́yìn náà. Lónìí, bí ẹ bá dé ẹnu odò náà, ẹ ó rí ilẹ̀kùn irin ńlá kan tó gbé ara rẹ̀ kọ́ sókè láàárín òpó méjì. Ọdún 1983 ni wọ́n parí rẹ̀. Bí omi bá fẹ́ ya, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ewu bá kọjá, wọ́n á gbé e sókè kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n lọ kọ́ bí ẹja ṣe ń mí nínú omi. Wọ́n gbà pé ibi tí nǹkan ti wọ́ ni a ti ń tún un ṣe.

Ní ọdún 1983 yẹn kan náà ni Mike Oliver, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìn, tẹ ìwé kan jáde nípa iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn aláàbọ̀ ara. Nínú rẹ̀ ló ti la èrò kan yé àwọn ènìyàn, èyí tí àwọn aláàbọ̀ ara ilẹ̀ yìí ti ń sọ láti ọdún 1976: pé àtẹ̀gùn tí kò ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń dá ènìyàn dúró, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Èrò kan náà ló wà nínú òwe pẹpẹ tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ẹ̀rọ. Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1989, Nintendo ta páàdì kan tí ènìyàn ń so mọ́ àyà. Àgbọ̀n tàbí ẹnu la fi ń ti ọ̀pá rẹ̀, a ó sì máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí kí a fà á, dípò bọ́tìnnì. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ kò tíì tó bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ìmọ̀ náà ti wà kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí tó ń ka ìwé yìí tó wọ ilé ẹ̀kọ́. Ìfẹ́ inú ló ṣọ̀wọ́n.

Ní ọdún 2018 ni Microsoft gbé Xbox Adaptive Controller jáde. Wọn kò dá a ṣe. Wọ́n ké sí àwọn ẹgbẹ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà pẹ́, bíi AbleGamers ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, àti SpecialEffect níhìn-ín ní Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2007. Ẹ̀rọ náà rí gbọọrọ, ó sì pẹlẹbẹ. Bọ́tìnnì dúdú ńlá méjì ló wà lójú rẹ̀, tí ènìyàn lè fi ìgúnpá tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù wà lẹ́yìn rẹ̀: ihò 19 tí a lè ki wáyà bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún bọ́tìnnì kan lórí páàdì tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọmọ tó lè mi orúnkún, a ó fi swíìṣì sí orúnkún rẹ̀. Èyí tó lè fi ẹ̀yìn orí ti nǹkan, a ó fi sí ibi ìgbórílé kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àpótí tí wọ́n kó o sí pàápàá, wọ́n ṣe é kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá pé lè ṣí i fúnra rẹ̀. Mo gbóríyìn fún wọn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé V&A ní London ti gbà á sínú àkójọ àwọn ohun èlò rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n itan ọmọdé dára fún un ju inú gíláàsì lọ.

Ohun mìíràn tún wà lórí Xbox láti ọdún 2017 tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Copilot ni wọ́n pè é nígbà tó jáde. Ó ń jẹ́ kí páàdì méjì ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Ọmọ lè máa darí ọkọ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa tẹ iná, kí ẹ̀rọ sì rí àwọn méjèèjì gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kan ṣoṣo. Bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìyẹn nídìí ọ̀pọ́n! N kò rò pé àwọn tó ṣe é mọ ayò, síbẹ̀ wọ́n dé ibi tí àwọn baba wa ti dé.

Níbo ni wọ́n ti kù? Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kù ni owó. £74.99 ni wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà nígbà tó jáde, èyí kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ̀hún nìkan kò tó ọmọ tí kò lè lo bọ́tìnnì méjì ojú rẹ̀. A ó tún ra swíìṣì, a ó tún ra irin tí yóò gbé wọn dúró sára kẹ̀kẹ́. Nígbà tí Logitech kó swíìṣì oríṣiríṣi pọ̀ fún un ní ọdún 2019, dọ́là 99.99 ni wọ́n ń ta àkójọ náà ní Amẹ́ríkà, iye kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, owó méjì ni òbí yóò san kí ọmọ tó lè ṣe eré tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi páàdì inú páálí ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkejì ni ìlara àárín àwọn oníṣòwò. Ẹ̀rọ Microsoft yìí ń bá Xbox àti kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò bá PlayStation tàbí ẹ̀rọ Nintendo ṣiṣẹ́ bí kò ṣe pé ènìyàn ra nǹkan mìíràn sí àárín wọn. Oṣù December ọdún 2023 ni Sony tó gbé tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Access, jáde fún PlayStation 5, ní £79.99. Òun náà dára: ó rí roboto, a lè yí bọ́tìnnì rẹ̀ padà, a sì lè so ó pọ̀ mọ́ páàdì mìíràn kí wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Bí Microsoft ṣe parí tirẹ̀ ní ọdún 2018, ọmọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní PlayStation nílé tún fi bí ọdún márùn-ún dúró kí ilé iṣẹ́ kejì tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọdún márùn-ún nínú ìgbà èwe kì í ṣe kékeré. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fi eré ìgbà yẹn sílẹ̀.

Páàdì tó dára kò ní ṣe ọmọ láǹfààní bí géèmù fúnra rẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè wa mẹ́ta wo mẹ́ta nínú àwọn tí ọmọdé fẹ́ràn.

Mario Kart 8 Deluxe, tó jáde ní ọdún 2017, jẹ́ eré ìje ọkọ̀. Ohun ìrànlọ́wọ́ méjì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń tẹ iná fún ọmọ kó má bàa máa di bọ́tìnnì mú. Èyí yẹ ní gbogbo ọ̀nà, nítorí pé nínú eré náà ẹsẹ̀ kì í sábà kúrò lórí iná. Ẹ̀rọ kò gba ìpinnu kankan lọ́wọ́ ọmọ. Ìkejì ń yí ọkọ̀ padà bí ó bá fẹ́ já sínú igbó. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di méjì. Ọmọ tó bá ń lò ó kò lè gba àwọn ọ̀nà àbùjá kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà, nítorí pé ẹ̀rọ ń dá a padà sójú ọ̀nà. Wọ́n tún fi ọ̀pá kékeré kan sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, tí gbogbo àwọn tó ń bá a díje lè rí. Kí ni ìwúlò ọ̀pá yẹn? Bóyá wọ́n rò pé ó ń ṣàlàyé. Ní ojú ọmọdé, àmì ìtìjú ni. N kò ní kí wọ́n yọ ìrànlọ́wọ́ náà kúrò. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ nílò rẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òbí lè dín in kù díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ṣe ń mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì bá wa ká ọ̀pá náà kúrò.

Èkejì ni Celeste, tó jáde ní ọdún 2018, ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń gun òkè. Ó le gan-an. Àwọn tí ọwọ́ wọn dá pé pàápàá ń ṣubú nígbà àìmọye. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fi ojú ewé ìrànlọ́wọ́ kan sínú rẹ̀. Ènìyàn lè dín eré ayé náà kù títí dé ìdajì, lè ní kí agbára ọmọbìnrin náà má tán, tàbí kí ó má lè kú rárá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló dá dúró, ọmọ náà ló sì ń mú èyí tó fẹ́. Lójú tèmi, dídín eré kù ni ọba nínú gbogbo wọn. Ọmọ tí ìka rẹ̀ ń pẹ́ kó tó jẹ́ iṣẹ́ ṣì ń pinnu ibi tí yóò fò sí, ó ṣì ń ṣubú, ó ṣì ń dìde. Ó ní páàdì tó so, ó ní ìpinnu, ó sì lè pàdánù. Àléébù kan wà níbẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú ewé náà ń dún bí ẹni tó ń sọ pé ẹni tó bá lo ìrànlọ́wọ́ kò ṣe ojúlówó eré náà. Ní ọdún 2019, wọ́n yí i padà sí ọ̀rọ̀ tó tuni lára. Èyí kọ́ wa pé ọ̀nà tí a gbà nawọ́ ìrànlọ́wọ́ sí ènìyàn jẹ́ ara ìrànlọ́wọ́ náà. A mọ èyí nílé tipẹ́: bí a bá fi òsì gbé oúnjẹ fún àlejò, kò ní jẹun náà ní àjẹgbádùn.

Ẹ̀kẹta ni Minecraft, eré tí àwọn ọmọdé ti ń wa ilẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ilé. Fún ọmọ tí kò lè mi ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí orí, ẹgbẹ́ SpecialEffect ṣe nǹkan kan jáde ní ọdún 2017 tí wọ́n ń pè ní EyeMine. Bí ọmọ bá ní ẹ̀rọ tó ń mọ ibi tí ojú ń wò, ojú nìkan ni yóò fi rìn, yóò fi wa ilẹ̀, yóò sì fi mọ ilé. Ọ̀fẹ́ ni EyeMine fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti wò, èyí ló wú mi lórí jù, nítorí pé ilé tí ọmọ náà bá mọ, òun ló mọ ọ́n. Bí ó bá sì wó, òun ló mọ̀ ọ́n láìda. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan o: ẹgbẹ́ àánú ló ṣe é, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń jèrè lórí eré náà.

Ẹ̀dùn kan kù tí mo ní sí àwọn oníṣẹ́ géèmù. Ọ̀kan nínú àwọn géèmù tó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ jù lọ fún aláàbọ̀ ara ni The Last of Us Part II ti ọdún 2020. Ìlànà ìrànlọ́wọ́ tó wà nínú rẹ̀ lé ní 60. Ṣùgbọ́n eré ìtàjẹ̀sílẹ̀ ni, ẹni ọdún 18 ni wọ́n ṣe é fún. Iṣẹ́ rere ni fún àwọn àgbà, mo sì kí wọn. Àmọ́ ọmọdé ni eré tọ́ sí jù láyé, ó sì yẹ kí irú làálàá bẹ́ẹ̀ dé inú eré tirẹ̀.

Ó wá ku ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa, nítorí pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo ti gbọ́ ohun mẹ́ta lẹ́nu àwọn òbí wa. Àwọn kan ní, "Ìwé ni kó kà, kì í ṣe géèmù." Òótọ́ ni pé irú swíìṣì kan náà tí ọmọ fi ń ṣe géèmù ni àwọn mìíràn fi ń darí ẹ̀rọ tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ tàbí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kàwé, ìdárayá ọwọ́ sì ni fún wọn. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi èyí gbèjà ara mi. Kí ló dé tí ọmọ tí ara rẹ̀ dá fi lè ṣeré nítorí pé eré dùn, tí ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá gbọ́dọ̀ fi oògùn ṣe àwáwí kí ó tó ṣeré? Àdéhùn Àjọ Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 1989 sọ pé eré jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ọdún 2006 sì tún dárúkọ eré àwọn ọmọdé ní pàtó.

Àwọn mìíràn ní, "À ń gbàdúrà, Ọlọ́run yóò wò ó sàn." Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kò sí àdúrà tó ní kí a má so wáyà ọmọ títí ìwòsàn yóò fi dé.

Ohùn kẹta kì í jáde sókè, àmọ́ a mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ni. A máa ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nílé nígbà tí a bá ń lọ sóde, tàbí kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí àwọn àgbà ti ń jẹun. Àwọn baba wa ń pe irú wọn ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá ló mọ wọ́n, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Òfin ti ń rọ́nà tọ ìkìlọ̀ yẹn: Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe èyí tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ní ọdún 2019, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín sì ní òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ yàrá tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré. Àwa ni a ó wọ ibẹ̀.

Kí ni a lè ṣe? Mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi ọmọ náà léèrè eré tó wù ú. Ẹ má ṣe ra èyí tó wù yín. Ẹ wo inú ètò géèmù náà bóyá a lè yí bọ́tìnnì padà, bóyá a lè dín eré rẹ̀ kù. Ẹ kọ̀wé sí SpecialEffect ní Charlbury ní Oxfordshire. Àwọn onímọ̀ wọn máa ń wo ibi tí ara ọmọ ti lágbára, wọn a sì máa yáni ní ẹ̀rọ láti dán wò, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní bí a ṣe ń pín páàdì. Níbi àríyá wa pẹ̀lú, bí a bá ń ṣètò yàrá àwọn ọmọdé, kí a béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ lè wọlé, kí a tó béèrè iye ìgò mínírà tí a ó rà.

Ẹbí tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè ti ra ẹ̀rọ náà. Wọ́n fi swíìṣì kan sí orúnkún ọmọ náà, wọ́n fi èkejì sí ẹ̀yìn orí rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin mú páàdì kejì, àwọn méjèèjì sì jọ ń wa ọkọ̀ kan. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n ṣe ìkẹyìn nínú ìje náà. Ọmọkùnrin yìí yí orí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó borí, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ké pé, "Òjóró! Òjóró lo ṣe!" Ẹ̀gbọ́n náà ní irọ́ ni, àbúrò rẹ̀ ní òótọ́ ni, ni ariwo bá sọ. Ìyá wọn sáré wọlé láti pẹ̀tù sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá tún rí ọmọ tó ń fi páàdì rẹ́rìn-ín ní kọ̀rọ̀ yàrá, ẹ fi ojú tẹ̀lé wáyà rẹ̀. Kí Elédùmarè bá wa dá gbogbo àwọn ọmọ wa sí, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n tí a ó fi sọ pẹpẹ kalẹ̀ fún wọn. Àṣẹ.